Ìrun ní Ìlà Kẹtàlélógún

Ràódàt kò fẹ́ràn kí nǹkan ṣẹlẹ̀ láìnídìí. Olùkọ́ ìṣirò ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ìlú Ọ̀yọ́. Òun náà sì ni akọ̀wé líìgì ṣẹ́ẹ̀sì, Ìpele Kejì, níbi tí ẹgbẹ́ mẹ́fà ti ń díje. Sáà ti dé ìdajì. Ọgọ́ta ìwé eré, tí wọ́n ń kọ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ló wà lórí tábìlì rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ fi ìròyìn ìdajì sáà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ lórí Wásáàpù kí ọjọ́ Àìkú tó parí: ipò tí olúkúlùkù wà, àti ibi tí ó ṣeé ṣe kí ó parí sí.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹgbẹ́ tirẹ̀, ló wà lókè pẹ̀lú máàkì mẹ́jọ. Ògbómọ̀ṣọ́ tẹ̀lé e pẹ̀lú méje. Ẹgbẹ́ mẹ́ta wà láàárín. Ìkòyí-Ilé ló gbẹ̀yìn pẹ̀lú máàkì kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ kan péré ni yóò gòkè lọ sí Ìpele Kìíní.

Máàkì kan ṣoṣo ti Ìkòyí-Ilé yẹn ni kò jẹ́ kí ó lè parí ìròyìn náà. Ọ̀dọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti rí i, nígbà tí àwọn méjèèjì ta ọ̀mì, eré méjì sí méjì. Ẹni tó mú kí ọ̀mì náà ṣeé ṣe ni Àlàájì Abdulkareem, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tí kò borí ẹnikẹ́ni mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ẹni tí ó borí ni Hafeez, tí ẹnikẹ́ni mìíràn kò borí láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà.

Hafeez yìí kan náà ni ọkùnrin tí Ràódàt fẹ́ fẹ́.

Ọdún tó kọjá ni wọ́n pàdé, ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ tí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ń gbàlejò. Aago eré kan kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Ọkùnrin gíga kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ yọ sukudiráfà kékeré nínú àpò rẹ̀, ó tú aago náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú, ó tún un dì. Aago bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

"Ṣé aago lẹ ń tún ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́?" Ràódàt bi í.

"Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ń tún ṣe. Aago kéré sí i, ṣùgbọ́n irọ́ rẹ̀ pọ̀."

"Irọ́ báwo?"

"Ẹ̀rọ ìránṣọ tó bá bàjẹ́ á dúró. Aago tó bàjẹ́ á ṣì máa sọ nǹkan fún yín."

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Ràódàt fi ro ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn náà ni ó wá nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé líìgì, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá aago náà yóò tún dákú. Kò dákú mọ́. Àwọn méjèèjì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Hafeez kì í yìn ín, ìbéèrè ló máa ń bi í. Ó bi í ìdí tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fi ń bẹ̀rù ìdá nínú ìṣirò. Ó bi í ìdí tí ó fi máa ń gbé ẹṣin ṣáájú ohun gbogbo nínú eré. Ó bi í ohun tí yóò ṣe bí bàbá rẹ̀ bá sọ pé rárá. Ràódàt rí i pé òun ń dúró de ìbéèrè, bí ènìyàn ṣe ń dúró de oúnjẹ.

Èyí tó kẹ́yìn ni kò rí dáhùn.

Bàbá rẹ̀, Àlàájì Mashood, igbá ló ń fín. Ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi ṣe adájọ́ líìgì kí ó tó fi í sílẹ̀. Nígbà tí Hafeez wá kí i, tí ó ní òun fẹ́ mú àwọn òbí òun wá, Àlàájì kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ṣe ohun tí bàbá ọmọ ń ṣe: ó rán ènìyàn lọ wádìí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ràmọ́tà, tó ń ta òwú ìránṣọ, ni ó rán. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó lò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́bọ̀ ló padà dé.

"Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi tí nǹkankan ò ṣe lọ bá a," ni Àǹtí Ràmọ́tà wí. "Mo ní kò ránṣọ mọ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní, 'Ìyá, ara ẹ̀rọ yìí le. Ẹ gbé e lọ sílé.' Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi."

"Ó ti mọ̀ ọ́ ni," Àlàájì dáhùn, láì gbé ojú kúrò lára igbá tó ń fín.

"Báwo ló ṣe máa mọ̀ mí? Mo yí bí mo ṣe ń wé gèlè padà."

Ràódàt, tó ń gbá ilẹ̀ tí kò dọ̀tí nítòsí, fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

"Àìsàn ńkọ́ nínú ẹbí wọn?"

"Kò sí."

"Ìjà?"

"Ìyá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àmọ́ èmi náà ńkọ́?"

"Kí ló wá kù?"

Àǹtí Ràmọ́tà wo Ràódàt, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n ní ó ta eré. Kì í ṣe ọ̀tá ló sọ ọ́ o, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, níwájú ṣọ́ọ̀bù níbi tí mo jókòó sí. Wọ́n ní bàbá arúgbó Ìkòyí yẹn ò lè borí rẹ̀ láé, àfi tó bá fà á lé e lọ́wọ́. Wọ́n ní ó fẹ́ kí ẹgbẹ́ àfẹ́sọ́nà òun wà lókè ni."

Àlàájì Mashood gbé ọ̀bẹ fínfín sílẹ̀. Kì í gbé e sílẹ̀ ní àárín iṣẹ́.

"Ẹni tó bá ta ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí ìyàwó," ó ní, "yóò ta ìyàwó náà nítorí nǹkan mìíràn. Ràódàt, mi ò gbà."

"Bàbá, ẹ ò tíì gbọ́ tẹnu rẹ̀."

"Tẹnu rẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́ gbọ́. Ẹnu gbogbo ènìyàn ló ní àlàyé."

Ìyẹn ni Ràódàt gbé wọ yàrá. Ohun tó dùn ún kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀ bàbá rẹ̀ nìkan. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ bóyá irọ́ ni wọ́n pa. Ó ti rí èsì eré náà láti oṣù tó kọjá, ó sì ti yà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò bi Hafeez. Òun tí í béèrè ìdí ohun gbogbo kò béèrè èyí. Kí ló dé? Bóyá ó ti bẹ̀rù ìdáhùn náà kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó wá ìwé eré náà jáde. Nínú líìgì yìí, ẹni tó bá pàdánù ni í fi ìwé tirẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé, kí ẹnikẹ́ni má baà fi irọ́ sọ pé òun borí. Nítorí náà, ọwọ́ Hafeez ló kọ gbogbo ìlà tó wà nínú rẹ̀. Ràódàt to ọba àti ayaba àti ìyókù sórí bọ́ọ̀dù, ó sì ń tẹ̀ lé ìwé náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Hafeez ń borí láti ìlà kẹwàá. Ní ìlà kẹtàlélógún, ó ti kù díẹ̀ kí ó parí. Ìsàlẹ̀ ìlà náà ni ó kọ ọ̀rọ̀ kan sí: Ìrun.

Àṣà líìgì nìyẹn. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń díje. Bí àkókò ìrun Alásárì bá tó, wọn á dá aago dúró, wọn á kọ Ìrun sí ibi tí eré dé, àwọn Mùsùlùmí á lọ kírun, àwọn Kìrìsìtẹ́nì á na ẹsẹ̀ wọn.

Ní ìlà kẹrìnlélógún, lẹ́yìn ìrun, Hafeez gbé ayaba rẹ̀. Ayaba yẹn ló ń ṣọ́ ọba rẹ̀. Ìlà márùn-ún lẹ́yìn náà, ọba kú.

Ràódàt wo bọ́ọ̀dù náà pẹ́. Ọmọ tó kọ́ eré ní àná kò ní gbé ayaba yẹn. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín ìlà méjèèjì? Èrò kan wá sí i lọ́kàn, ara rẹ̀ sì yá. Ó gbé bọ́ọ̀dù àti ìwé eré lọ bá bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ wo ìlà kẹrìnlélógún. Bóyá ó ti dé láti mọ́sálásí ṣáájú Àlàájì Abdulkareem, tó na ọwọ́, tó fọwọ́ kan ayaba. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé ọmọ ayò tí ọwọ́ ẹni bá ti kàn, òun lèèyàn gbọ́dọ̀ gbé. Bóyá ó kàn tẹ̀ lé òfin ni."

Àlàájì Mashood fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ náà, Ìrun.

"Aago ti dúró," ó ní. "Nígbà tí aago bá dúró, kò sí òfin fọwọ́kàn. Èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé òfin líìgì, nítorí àwọn ọmọ tó ń gbá ilẹ̀ gbọ̀ngàn tí wọ́n máa ń bi nǹkan ṣubú. Kò sóhun tó fipá mú un láti gbé ayaba yẹn. Ẹni tí nǹkankan kò fipá mú, tó sì ba ayé ara rẹ̀ jẹ́, o mọ̀ pé ó ní ìdí." Ó dá ìwé eré padà fún un. "Ìwọ fúnra rẹ lo mú ẹ̀rí wá yìí."

Ràódàt kò sùn dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ Sátidé, ó wọ bọ́ọ̀sì Ògbómọ̀ṣọ́.

Hafeez ń tú ẹ̀rọ ìránṣọ kan lọ́wọ́ nígbà tí ó wọlé. Ó dìde, ó sì fi aṣọ nu àga fún un. Ràódàt kò jókòó.

"Ṣé o ta eré yẹn?"

"Rárá."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ ní ìlà kẹrìnlélógún?"

Ó wò ó. "O ti kà á."

"Mo ti kà á. Ìdáhùn ni mò ń fẹ́."

"Mo sáré dé láti mọ́sálásí, mo jókòó. Mo ti rò pé ayaba ni màá gbé, mo sì gbé e sókè díẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé tó bá kúrò níbẹ̀, ọba kú. Mo dá a padà. Kò sẹ́nikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn. Nígbà tí Àlàájì Abdulkareem dé, a tẹ aago, mo sì gbé e."

"Kí ló dé?"

"Mo ti fọwọ́ kàn án."

"Aago ti dúró, Hafeez. Òfin kò mú ọ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá mi. Òun ló kọ òfin náà."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó sì fi aṣọ olóróró nù ún, ojú rẹ̀ dúdú. "Ó wá túmọ̀ sí pé lásán ni mo pàdánù."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ? Wọ́n ní o tà wọ́n. Bàbá mi gbọ́. Ó ti ní òun ò gbà."

Ẹ̀rín kúrò ní ẹnu rẹ̀. Ó jókòó sórí àga tó nù fún un.

"Tí mo bá sọ fún wọn, wọ́n á sọ ọ́ dé Ìkòyí. Wọ́n ní Àlàájì Abdulkareem ti fi fírémù sí ìwé eré tirẹ̀, ó gbé e kọ́ ní pálọ̀. Àlejò tó bá wọlé, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń mú un lọ. Tí mo bá ní ìkánjú ọwọ́ mi ló jẹ́ kó borí, kí ló kù fún un?"

"Èmi ńkọ́?" Ràódàt bi í. "Kí ló kù fún èmi?"

Hafeez ń fi sukudiráfà ti ìdè ẹ̀rọ kékeré kan síwá sẹ́yìn lórí tábìlì.

"Má sọ fún Àlàájì Abdulkareem," ó ní nígbẹ̀yìn. "Èmi á tún wá bẹ bàbá rẹ. Tó bá gba ọdún méjì, màá máa wá."

"Mi ò ní sọ fún un," Ràódàt dáhùn. Kò sọ pé òun kò ní lọ sí Ìkòyí-Ilé.

Ọ̀kadà ló gbé e lọ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Lójú ọ̀nà ni ó pinnu ohun tí yóò sọ. Akọ̀wé líìgì ni òun. Ìdajì sáà ti dé. Ó yẹ kí akọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó gbẹ̀yìn ohun tí wọ́n ń retí nínú ìdajì kejì.

Àlàájì Abdulkareem gbà á tayọ̀tayọ̀. Ó fún un ní omi, ó béèrè bàbá rẹ̀, ó sì mú un lọ síwájú ògiri kí ó tó jókòó. Ìwé eré náà wà nínú fírémù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀.

"Ìrètí wa kò pọ̀, Akọ̀wé," ó ní. "A ó gbẹ̀yìn ni. Ṣùgbọ́n a kò ní sá."

"Ẹ kú akitiyan, Bàbá. Eré yín pẹ̀lú Hafeez," Ràódàt ní, ó sì ń yan ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí àpáta tútù. "Báwo lẹ ṣe rí ọ̀nà borí rẹ̀?"

Bàbá náà yọ dígí ojú rẹ̀. Ó wò ó bí tíṣà ṣe ń wo ọmọ tó béèrè ohun tó ti mọ̀.

"O ti kà á dé ìlà kẹtàlélógún."

Ràódàt gbé ife omi náà sílẹ̀.

"Ẹnìkan wọ sálúbàtà mi lọ ní mọ́sálásí lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi rìn padà, kò sì gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi. Mo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo rí i tó gbé ayaba sókè, mo rí i tó dá a padà. Mo dúró síbẹ̀. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ níwèé, mo mọ bí ọmọ ṣe ń rí nígbà tí kò sí tíṣà ní kíláàsì. Mo fẹ́ mọ ohun tí èyí máa ṣe. Mo wúkọ́, mo wọlé, mo jókòó. Ó sì gbé e."

"Ẹ mọ̀ pé òfin kò mú un?"

"Mo mọ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo fẹ́ sọ fún un. Ẹnu mi ti ń là. Mo wá wo bọ́ọ̀dù, mo rí i pé mo lè borí. Ènìyàn ni mí, ọmọ mi."

Ràódàt yíjú sí ògiri. "Fírémù yìí ńkọ́, Bàbá?"

"O rò pé nítorí mo borí ni? Mo ti borí ẹni tó jù ú lọ nígbà tí mo wà léwe. Ìlà kẹrìnlélógún yẹn ni mo gbé kọ́. Kò sọ ọ́ fún mi, mo sì rò pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Mo bá a pa á mọ́."

Ràódàt kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé òun kò ní sọ èyí tó kù. Ó sọ ọ́: ohun tí wọ́n ń sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tí Àǹtí Ràmọ́tà gbé wálé, ohun tí bàbá òun wí.

Arúgbó náà tún dígí rẹ̀ fi sójú. Ó na ọwọ́, ó yọ fírémù náà kúrò lára ògiri, ó sì fi apá aṣọ nu eruku ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ṣé bàbá rẹ máa wà nílé lọ́la?"

Ní ọjọ́ Àìkú, ènìyàn márùn-ún ló jókòó sí iwájú ilé Àlàájì Mashood ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́: onílé, Àǹtí Ràmọ́tà, Ràódàt, Àlàájì Abdulkareem pẹ̀lú fírémù rẹ̀ lórí itan, àti Hafeez tí arúgbó náà pè lórí fóònù láì sọ ìdí fún un. Nígbà tí Hafeez rí fírémù náà, ó wo Ràódàt. Ràódàt mi orí pé òun kò sọ ọ́.

Àlàájì Abdulkareem sọ ohun tó rí. Kò fi iyọ̀ sí i. Ó sọ ti sálúbàtà, ó sọ ti ẹnu ilẹ̀kùn, ó sì sọ ti òfin tí òun mọ̀ tí òun kò sọ. Nígbà tí ó parí, Hafeez ti tẹ orí ba.

"Bàbá," Hafeez ní, "ẹ ti mọ̀ látọjọ́ yìí?"

"Ìwọ náà ti mọ̀ látọjọ́ yìí."

Àǹtí Ràmọ́tà kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Mo sọ fún yín pé kò gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀rọ yẹn."

"Mo mọ̀ yín lọ́jọ́ náà, Ìyá," Hafeez ní. "Ohùn yín ni mo mọ̀. Ẹ ti bá mi sọ̀rọ̀ rí lórí fóònù Ràódàt."

"O rí i?" Àlàájì Mashood wí fún àbúrò rẹ̀. "Gèlè."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn àfi Àlàájì Mashood. Òun gba fírémù náà, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó ń kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ka ìlà kan ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rín fi parí. Ràódàt ń wo ọwọ́ bàbá rẹ̀. Kò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò já sí, ó sì rí i pé Hafeez náà kò mọ̀.

"Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ mọ̀," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ẹ jọ lọ sí mọ́sálásí. Ẹ jọ wọlé. Báwo lo ṣe kírun tán ṣáájú àgbà yìí?"

Hafeez gbé ojú sókè. Ó lè sọ pé nítorí sálúbàtà tó sọnù ni àgbà fi pẹ́. Ó la ẹnu, ó sì pa á dé.

"Mo sáré kí i ni, Bàbá. Bọ́ọ̀dù ló wà lọ́kàn mi."

Àlàájì Mashood mi orí. Ó dá fírémù padà fún ẹni tó ni ín.

"Ẹjọ́ rẹ nìyẹn. Ìyókù, mo dá ọ láre." Ó gbé ọ̀bẹ fínfín rẹ̀, ó sì fa igbá mọ́ra. "Sọ fún àwọn òbí rẹ kí wọ́n wá lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Kí ẹnikẹ́ni má sáré."